Ìwé òfin ìkọ́lé: ṣé kí n ra ti bébà ni, àbí kí n máa lo èyí tó wà lórí fóònù?

Ìbéèrè tó dé sọ́dọ̀ mi nìyí: “Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà, ní Bódìjà. Building Technology ni mo kà ní poli, ó sì ti di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń bójú tó sáìtì fún ọ̀gá mi kan. Gbogbo ìwé òfin ìkọ́lé tí mò ń lò, orí fóònù ni wọ́n wà: National Building Code, BS 8110 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí kọnkéré, àtàwọn mìíràn. Àwọn ọ̀rẹ́ ló fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọ̀gá mi ní kí n lọ ra ti bébà, pé ẹni tí kò ní ìwé kò ní iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe iṣẹ́ ìkọ́lé ní Houston wá ní wọn kì í ra ìwé mọ́ lọ́dọ̀ àwọn, pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó bá sì wà níbẹ̀ ló tuntun jù. Owó tí mo ní lọ́wọ́ kò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe?”

Àbúrò mi, o kú làálàá sáìtì. Ó yẹ ká fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀gá rẹ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ká tó dá ẹjọ́, torí òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, àṣìṣe náà sì wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe yé mi sí, ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni pé owó kékeré lo ní, o ò sì fẹ́ fi ra ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, ṣé o mọ̀ ọ́n? Mi ò sọ pé o ò kà á o. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé ọdún wo ni ìtẹ̀jáde rẹ̀, àtúnṣe mélòó ló ti wọ inú rẹ̀, ta ló rà á lákọ̀ọ́kọ́, ṣé ojú ìwé rẹ̀ sì pé? Bí o kò bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, o kò tíì ní ìwé kankan lọ́wọ́, yálà ti bébà tàbí ti fóònù.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 2010, à ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bíìmù kan wà lókè ẹnu ọ̀nà gàráàjì tó gbé odindi ògiri òkè, òun ló gùn jù nínú ilé náà. Dírọ́ọ̀ìn tó wá láti ọ́fíìsì ní kí a fi rọ́ọ̀dù 20 mm márùn-ún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ràn mí lọ́wọ́ tún ìṣirò náà ṣe fúnra rẹ̀ lálẹ́, ó dé láàárọ̀, ó ní mẹ́fà ni. Àwọn bẹ́ńdà ti so ríǹgì, irin tó máa ń yí rọ́ọ̀dù ká, tán, wọ́n jókòó sórí òkìtì rọ́ọ̀dù, wọ́n ń wò wá. Ẹni tó ya dírọ́ọ̀ìn wá sí sáìtì, ó búra pé BS 8110 lòun tẹ̀ lé. Ọmọ ọ̀dọ̀ mi náà búra pé BS 8110 lòun lò. Mo ní kí àwọn méjèèjì ṣí ohun tí wọ́n kà fún mi. Ayàwòrán ń ka ti 1997, ọmọ ọ̀dọ̀ mi ń ka ti 1985. Orúkọ kan náà ni wọ́n fún fáìlì méjèèjì, kò sì sí ọdún kankan lára orúkọ náà.

Ìtẹ̀jáde 1985 ní kí o sọ agbára irin di 0.87 rẹ̀ kí o tó fi ṣe ìṣirò. Ti 1997 gbé e lọ sí 0.95. Nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 ni èyí fi kún irin tàbí tó fi yọ kúrò lára irin tó máa wọ bíìmù. Ìṣirò ti ayàwòrán béèrè 1,480 mm², ti ọmọ ọ̀dọ̀ mi béèrè 1,616 mm². Rọ́ọ̀dù 20 mm márùn-ún ń fúnni ní nǹkan bí 1,570 mm². O rí i pé márùn-ún tó fún ọ̀kan, kò tó fún ìkejì, kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Mẹ́fà la fi sí i. Èyí tó wá jinlẹ̀ jù ni pé ní 2005, àtúnṣe kẹta tó wọ inú ti 1997 dá 0.87 padà, ó sì gbé agbára irin láti 460 N/mm² lọ sí 500. Ṣe ìsodipúpọ̀ rẹ̀ kí o rí i: 0.95 lọ́nà 460 jẹ́ 437, 0.87 lọ́nà 500 jẹ́ 435. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ó ní ìdí tí àwọn tó ṣe é fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú 0.95 láti inú ẹ̀dà àtijọ́, tó wá mú 500 láti inú ẹ̀dà tó ti gba àtúnṣe, 475 ni yóò bá a dé. Agbára àgbélérọ nìyẹn, kò sí ìwé kan tó fàṣẹ sí i. Èèyàn lè ṣe é láìmọ̀, bí PDF méjì bá wà lórí fóònù rẹ̀ tí ó ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Irin tí a sì ń rà lọ́jà wa, ohun tí wọ́n kọ sí i lára kò tó láti gbà á gbọ́, àfi kí a gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o yà sọ́tọ̀ lọ́kàn rẹ ni pé PDF tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp yàtọ̀ sí ìwé orí ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń sọ. Ìwé orí ẹ̀rọ gidi ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀: bí àtúnṣe bá jáde, wọ́n á fi sínú rẹ̀, bí àṣìṣe ìtẹ̀wé bá wà, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì sọ ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe. PDF tirẹ kò ní olùtọ́jú. Ṣí i báyìí kí o wo etí ojú ìwé, níbi tí lẹ́tà kéékèèké kan máa ń gùn lọ sókè. Lórí ọ̀pọ̀ BS tó ń káàkiri nílẹ̀ yìí, wàá rí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́ tó ra ẹ̀dà náà, ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀, àti ọ̀rọ̀ méjì yìí: Uncontrolled Copy. Ohun tí ìyẹn ń sọ fún ọ ni pé láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹ̀dà náà mọ́. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ni ọjọ́ orí ìwé rẹ. Lẹ́yìn náà, lọ sí iwájú ìwé, sí ẹ̀yìn èèpo rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Àtẹ kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń to àtúnṣe tó ti jáde, nọ́ńbà àti ọjọ́ wọn. Bí àtẹ yẹn bá ṣófo lórí BS 8110 ti 1997 tìrẹ, ti 2005 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀tàn mìíràn tún wà lára PDF. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ fọ́tò ojú ìwé lásán, ẹnì kan gbé ìwé lé ẹ̀rọ, ó ń yà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé lè fò. Àkíyèsí tó wà lábẹ́ àtẹ lè bá etí bébà lọ, tí 0.5 á sì dà bí 0.6. Bí o bá tẹ ọ̀rọ̀ sínú àyè ìwákiri, fóònù á ní kò rí nǹkan kan, torí fọ́tò ni, kò sí lẹ́tà níbẹ̀ tó lè kà. Ọ̀dọ́ tó bá ń kánjú á gbà pé òfin kò sọ nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Kódà níbi tí lẹ́tà bá wà, ìwé kì í pe nǹkan lórúkọ tí àwa ń pè é. Ohun tí bẹ́ńdà ń pè ní ríǹgì, tí ìwé Amẹ́ríkà ń pè ní stirrups, links ni BS 8110 ń pè é. Wá stirrups títí ilẹ̀ á fi ṣú nínú rẹ̀, ìyẹn kọ́ ló máa gbé ọ dé ibi tó yẹ. Irin tàbí ògiri kékeré tó ń dí èèyàn lọ́wọ́ kó má já bọ́ láti bákónì, guard ni ìwé International Building Code ń pè é. Ẹni tí kò bá tíì ka ìwé náà láti iwájú dé ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, kò lè mọ ọ̀rọ̀ tí yóò tẹ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ ní Houston, kò parọ́. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní International Code Council ló ń ṣe International Building Code. Ti 2000 ni àkọ́kọ́, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń gbé tuntun jáde. Wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ náà lè kà á láti Bódìjà. Owó ni wàá san bí o bá fẹ́ máa dà á kọ, kí o tẹ̀ ẹ́ jáde, tàbí kí o kọ àkíyèsí tìrẹ sí i. NFPA tó ń ṣe ìwé òfin iná mànàmáná wọn náà ń jẹ́ kí èèyàn kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tó bá ti forúkọ sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ti wọ́ ni “èyí tó tuntun jù.” Ìwé tó tuntun jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni òfin ìlú rẹ̀. Ìlú tàbí ìpínlẹ̀ ló ń yan ìtẹ̀jáde tí yóò jẹ́ òfin lọ́dọ̀ rẹ̀, á sì tún fi àtúnṣe tirẹ̀ kún un. Ti 2024 ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ ti 2021 pẹ̀lú àtúnṣe Houston ni ìlú náà sọ di òfin láti ọjọ́ 1 oṣù January 2024. Ní ti iná mànàmáná, ìtẹ̀jáde 2023 ló di òfin Texas láti ọjọ́ 1 oṣù September ọdún náà. Ẹni tó bá ṣí íntánẹ́ẹ̀tì tó sì mú èyí tó kọ́kọ́ yọ sí i, ó lè fi òfin tí kò tíì délé kọ́ ilé. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá sì fẹ́ jókòó ìdánwò láísẹ́ǹsì, kó ka ìwé ìtọ́sọ́nà ìdánwò náà dáadáa kó tó pinnu pé òun ò ní ra bébà, torí àwọn ìdánwò kan wà tí wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn gbé ìwé wọlé, wọ́n á sì sọ irú ìwé tí wọ́n fẹ́ àti ọdún rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń dùn mọ́ mi púpọ̀, jẹ́ kí n sọ ọ́ lọ́gán. Ní Texas kan náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peter Veeck ra ìwé òfin ìkọ́lé nínú dísìkì ní $72. Ìlú kéékèèké méjì, Anna àti Savoy, ti sọ ìwé náà di òfin wọn. Ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Àwọn tó ṣe ìwé náà bínú, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́, ní 2002 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn níbẹ̀ sì dá a láre pé tí ìwé bá ti di òfin ìlú, kò sí ẹni tó lè fi òfin pamọ́ fún àwọn tó ní láti tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ràn ìdájọ́ yẹn. Ẹni tí òfin yóò mú yẹ kó lè rí òfin kà. Àmọ́ BS kì í ṣe òfin Texas, ìdájọ́ yẹn kò sì bo PDF tó wà lórí fóònù rẹ. Ohun tí ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ lé lórí ni. Mi ò ní purọ́ fún ọ, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fọ́tòkọ́pì ni èmi náà fi kọ́ BS, torí owó oṣù mi kò lè rà á. Mo mọ ohun tí kò-sówó ń ṣe. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má ṣe fọwọ́ sí ìṣirò ilé èèyàn lórí ẹ̀dà tí o kò mọ ìdílé rẹ̀.

Ó wá kù sílé. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn wá. National Building Code tó wà lọ́wọ́ rẹ, ti 2006 ni, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i lọ́dún náà, LexisNexis sì bá wọn tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà bébà rẹ̀ àti PDF rẹ̀, ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n jẹ́. Kò sí pé èyí tó wà lórí fóònù tuntun ju èyí tó wà lórí tábìlì lọ. Bí ẹnì kan bá fi òmíràn tí wọ́n kọ draft sí lára ránṣẹ́ sí ọ, àbá nìyẹn, má fi kọ́lé. Rántí pẹ̀lú pé ní 2003, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti sọ nínú ẹjọ́ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Èkó fi ní òfin tirẹ̀ ti 2010 lórí ètò ìlú, tí LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́, fi ń lọ láti sáìtì dé sáìtì níbẹ̀. Ìwọ wà ní Ọ̀yọ́. Kí o tó náwó lórí ìwé kankan, wọ mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì àwọn ará town planning tó ń fọwọ́ sí pláànù ládùúgbò tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kí o bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi ń yẹ pláànù wò. Kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kọ ọjọ́ sí i. Owó ọkọ̀ nìkan ni yóò ná ọ.

Ohun kan tún wà tí ìwé 2006 kò lè mọ̀, bí ó ti wù kí bébà rẹ̀ dán tó. Ní 2014, SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, yà sìmẹ́ǹtì sọ́tọ̀ bí agbára wọn ṣe tó: 32.5 fún rírẹ́ ògiri, 42.5 fún òpó, bíìmù, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù, 52.5 fún afárá àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti dé sáìtì kan rí tí àpò 32.5 wà nídìí ẹ̀rọ ìpo kọnkéré, wọ́n fẹ́ da dẹ́kìn. Fóòmaànù náà ní ìwé, ìwé gidi, bébà. Ó ṣí i fún mi pé kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí òun má lò ó. Òótọ́ ló sọ, ìwé rẹ̀ ti wà ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú ọ̀rọ̀ náà. A dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà, wọ́n sì lọ pààrọ̀ sìmẹ́ǹtì. Ọ̀gá rẹ tó ní ẹni tí kò ní ìwé kò ní iṣẹ́, jọ̀ọ́ bá mi sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ìwé nìkan kò tó. Ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wúlò fún wa jù nìyí: láti gbọ́ ohun tó ti yí padà lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ìwé tán.

Ti BS 8110 yàtọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti pa á tì láti 2010, wọ́n ti bọ́ sórí Eurocode 2, ìwé kọnkéré ti ilẹ̀ Yúróòpù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa nílẹ̀ yìí ṣì ń fi í ṣe iṣẹ́, torí òun ni wọ́n fi kọ́ wa, òun ló sì wà lórí tábìlì àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò. Kóòdù tí kò ní yí padà mọ́ ni bébà bá lára mu jù. Bí o bá rí ẹ̀dà gidi ti 1997 tó ti gba gbogbo àtúnṣe rẹ̀, kò ní gbó mọ́ lọ́wọ́ rẹ. Kóòdù tó ń yí padà lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ, ti ẹ̀rọ ló dára fún un, kí bébà má baà di èyí tó ń kún ilé. Bí àwọn ọ̀gá yín bá sì ń mú yín lọ sí Eurocode, mọ̀ pé ìwé náà nìkan kò pé láìsí àfikún tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí i, torí inú àfikún náà ni ọ̀pọ̀ nọ́ńbà wà.

Èmi fúnra mi, bébà ni mo fi ń kà, ẹ̀rọ ni mo fi ń wá. BS mi ti gbó, mo ti fi téèpù dì í lẹ́yìn nígbà mẹ́ta, ọwọ́ mi sì ti mọ ọ̀nà inú rẹ̀ débi pé mo lè ṣí àtẹ 3.9 láìwo nọ́ńbà ojú ìwé. Mo lè fi ìka kan sí àtẹ, kí n fi ìka kejì sí ẹsẹ̀ tó ṣàlàyé rẹ̀, kí n máa wò wọ́n lọ wò wọ́n bọ̀. Fóònù kì í jẹ́ kí o rí méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kó sí wàhálà. Àtẹ 3.9 ń sọ iye ìlọ́po jíjìn bíìmù tí gígùn rẹ̀ lè jẹ́: ó ní 20 fún bíìmù tó jókòó gbọnrangandan lórí ògiri méjì, 26 fún èyí tó ń bá a lọ kọjá òpó, 7 péré fún èyí tó yọ síta bíi bákónì. Ìwákiri á gbé ọ bọ́ sórí nọ́ńbà náà tààrà, inú rẹ á dùn. Kò ní gbé ọ bọ́ sórí ẹsẹ̀ tó sọ pé bí gígùn bíìmù náà bá ju mítà 10 lọ, nọ́ńbà yẹn kò dá dúró mọ́. Ẹni tó ń ṣí bébà máa ń rí ẹsẹ̀ náà, ì báà má wá a, torí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló wà.

Lórí sáìtì ńkọ́? Oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn kì í jẹ́ kí ojú fóònù hàn, fóònù á gbóná, bátìrì á ku 9%, ìyá rẹ á pe ọ́ nígbà tí o ń ka àtẹ lọ́wọ́. Èyí tó burú jù, bí o bá ń tẹ fóònù, bẹ́ńdà á rò pé WhatsApp lo wà, kò ní ka ọ̀rọ̀ rẹ sí. Bí o bá gbé bébà lé orí pákó, tí o fi ìka sí ìlà náà, àwọn tó wà níbẹ̀ á sún mọ́ ọ, wọ́n á wò ó, àríyànjiyàn á rọlẹ̀. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n bébà náà ní ọ̀tá tirẹ̀. Ikán jẹ ìdajì ìwé mi kan tán nínú kọ̀ǹténà sáìtì lásìkò òjò, èèpo rẹ̀ dúró dáadáa, mo gbé e, ó ya lọ́wọ́ mi bí àkàrà. Láti ọjọ́ náà, ìwé gidi kì í kúrò nílé mọ́, ojú ìwé mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí iṣẹ́ náà nílò ni mò ń gbé lọ, mo ti fi ọ̀rá bò wọ́n, mo sì ti kọ orúkọ kóòdù, ọdún àti àtúnṣe sí orí ìkọ̀ọ̀kan kí ó má dá wà láìní bàbá.

Ní ti sísan owó ọdọọdún fún ìwé orí ẹ̀rọ gidi, mi ò ní kí o ṣe é báyìí. Owó dọ́là tàbí pọ́n-ùn ni, láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà ní June 2023, ó ti wúwo lórí ẹni tó ń gba owó oṣù náírà. Ọjọ́ tí o kò bá rí owó san, ìwé á kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ilé iṣẹ́ tó ní ẹnjiníà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lè dá a, kí wọ́n sì rí èrè rẹ̀. Ìwọ nìkan, rárá. Ewu kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sábà mẹ́nu bà: bí ilé tí o kọ́ lónìí bá di ẹjọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, òfin tó wà nígbà tí o kọ́ ọ ni wọ́n á fi wọ̀n ọ́, ìwé orí ẹ̀rọ sì lè ti di òmíràn nígbà náà. Nítorí èyí, fi ojú ìwé kan síwájú fáìlì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ní orúkọ kóòdù tí ẹ lò, ọdún rẹ̀, àtúnṣe tó wà nínú rẹ̀ àti ibi tí ẹ ti rí i. Má sì ju ìwé àtijọ́ nù.

Owó kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ, bí tèmi bá ni, National Building Code ti bébà ni máa kọ́kọ́ fi rà, èyí tí orúkọ atẹ̀wé wà lára rẹ̀, kì í ṣe fọ́tòkọ́pì, torí ìwé náà ni kọ́lékọ́lé bíi tìrẹ nílò lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ètò ìdánilójú iṣẹ́ àti ètò ààbò òṣìṣẹ́ wà, ohun tí wọ́n máa bi ọ́ kí wọ́n tó bi ọ́ ní ìṣirò bíìmù. BS 8110, má rà á síbẹ̀. Wá ẹ̀dà gidi kan lọ́wọ́ ẹnjiníà àgbà tàbí ní ilé ìkàwé poli tí o ti jáde, gbé PDF rẹ lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ kan, kí o ṣí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wo ọdún, wo àtẹ àtúnṣe, wo ojú ìwé tó fò, wo gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú àtẹ tí ẹ ń lò lórí sáìtì. Èyí tó bá yàtọ̀, nu PDF náà kúrò lórí fóònù rẹ pátápátá kó má baà tún ṣì ọ́ lọ́nà lọ́jọ́ tí o bá ń kánjú.

Ibi tí agbára mi mọ nìyí: irin àti kọnkéré ni iṣẹ́ mi. Bí o bá dé ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tàbí ẹ̀rọ agbéniròkè, ẹni tó ń ṣe é ni kí o bi. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti ilé ẹjọ́, agbẹjọ́rò ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ náà, ọ́fíìsì tó ń fún un ní pẹ́míìtì mọ Houston jù mí lọ. Nígbà tí o bá ti ṣe òwúrọ̀ yẹn tán, ya fọ́tò ojú ìwé àkọ́kọ́ BS rẹ àti àtẹ àtúnṣe rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wo ọdún tó wà lára rẹ̀.